Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn báàgì tó kún ilé mi

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun gan-an. Mo bi yín ohun tí mo lè fi àwọn báàgì tó rí bí aṣọ, tí wọ́n fi ń há ẹ̀bùn lóde wòlímà àti ìgbéyàwó, tó kún yàrá mi ṣe. Ó ti yanjú o. Àwọn tó ṣì lágbára, mo kó èyí tó pọ̀ nínú wọn fún ìyá elélùbọ́ tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjà Ìpàtà n'Ílọrin, kó lè máa fi di ọjà fún oníbàárà. Inú rẹ̀ dùn dọ́ba. Èènì tó bù lé èlùbọ́ mi lọ́jọ́ náà, àfi kí n máa dúpẹ́.

Èyí tí oòrùn ti jẹ, tó ń fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kó oúnjẹ: ọ̀rá ni, kì í ṣe òwú. Ẹ má sì lọ̀ ọ́, áyọ́ọ̀nù gbígbóná á yọ́ ọ.

Ó ku díẹ̀ lọ́wọ́ mi nínú àwọn tó lágbára. Ará Táńkẹ̀ tó bá fẹ́, kó wá mú un.