Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó ọjọ́ kan náà ní New York
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wu màmá mi láti wo eré orí ìtàgé ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ní New York. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà ní ẹ̀dínwó ní TKTS, ìsọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kan lábẹ́ àtẹ̀gùn pupa tó wà ní Times Square. Àmọ́ orúnkún ń dun màmá mi, wọn ò lè dúró pẹ́ lórí ìlà. Ṣé kí n dá lọ tò ni, àbí kí n jí lọ rà á ní ilé eré gan-an láàárọ̀? Ìjókòó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni mo fẹ́ o. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá jókòó. Ọjọ́ wo ló rọrùn jù?