LamB: kí ló dé tí òkè tí ṣúgà fẹ́ gùn kọjá fi ga tó báyìí?

Ìbéèrè
Ẹ ǹlẹ́ o. LamB, prótéènì oníhò tó wà lára awọ ìta bakitéríà E. coli (PDB 1MAL), ni mò ń ṣe símúléṣọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà GROMACS. Mò ń fa maltohexaose (ẹ̀wọ̀n ṣúgà olórùka mẹ́fà) gba inú ihò rẹ̀, láti ìta wọ periplasm (àyè tó wà láàárín awọ méjèèjì bakitéríà). Kí àpótí má baà tóbi jù, ẹyọ kan péré ni mo mú nínú mẹ́ta tó so pọ̀: awọ ọ̀rá POPE, force field (ìlànà ìṣirò agbára) CHARMM36m, ìgbóná 310 K, ìgbésẹ̀ 2 fs. Mò ń fà á ní 0.01 nm/ps, spring sì jẹ́ 1000 kJ/mol/nm². Ó kọjá, àmọ́ nígbà tí mo ro iṣẹ́ tí ìfà náà ṣe pọ̀, òkè agbára tó yọ ga débi pé kò yẹ kí ṣúgà kankan lè kọjá. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí bakitéríà ń gbà kó maltose wọlé nìyí. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Èsì 1
Eré yẹn ti pọ̀ jù. 0.01 nm/ps, mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ihò bíi 5 nm, ìdajì nanosecond lẹ fi là á já! Omi ò ráyè yẹra, hydrogen bond ò ráyè tú kó tún so. Agbára tó ń dànù bí ooru lẹ kà mọ́ òkè.

Ẹ fi ìfà wá ibi ìbẹ̀rẹ̀ fún umbrella sampling nìkan (ọ̀nà tí a fi ń wo ibi kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà ṣúgà lọ́tọ̀; ibi kọ̀ọ̀kan ni fèrèsé kan): 1 nm/ns tàbí kó lọ́ra jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ mú frame (ipò ṣúgà) kan ní 0.1 nm kọ̀ọ̀kan. Ẹ sá fèrèsé kọ̀ọ̀kan fún 20 ns, ẹ da 5 ns àkọ́kọ́ nù, kí ẹ tó lo gmx wham, tó ń so gbogbo fèrèsé pọ̀ di ìlà agbára kan. Níbi tí histogram àwọn fèrèsé ò bá ti gun ara wọn, ẹ fi fèrèsé kún un, kí spring ibẹ̀ sì le sí i.

Òrùka ṣúgà tó ṣíwájú ni kí ẹ so okùn mọ́. Bí ẹ bá mú àárín gbùngbùn gbogbo ṣúgà, ẹ̀yìn rẹ̀ á ká jọ, àárín á máa lọ, orí á ṣì há. Cα (carbon àárín amino acid kọ̀ọ̀kan) tó wà lára àgbá prótéènì ni kó jẹ́ òdiwọ̀n, ẹ má fi lúùpù kún un, torí wọ́n ń mì.

Èsì 2
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹyọ kan tí ẹ mú yẹn gan-an ló ń dùn mí. Àwọn amino acid Trp74, Tyr41, Tyr6, Trp420, Trp358, Phe227: àtẹ̀gùn tí ṣúgà ń yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, ojú rẹ̀ tí kò fẹ́ omi ló ń fi lẹ̀ mọ́ ọn. Trp74 kì í ṣe ti ihò tó ń ṣiṣẹ́ fún. Ara ẹyọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ti nà wá, lórí lúùpù L2. Ẹ ti yọ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ kúrò. Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, kí ẹ fi ṣúgà sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí èsì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

Èsì 3
20 ns kéré níbi tí ihò ti fún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tyr118. Igun tó so òrùka ṣúgà kan mọ́ èkejì kì í tètè yí. Maltohexaose ò sì lè yí orí padà nínú ihò. Ẹ ṣe ti èyí tí reducing end (ìpẹ̀kun ṣúgà tí òrùka rẹ̀ lè ṣí) ṣíwájú lọ́tọ̀, ti òdìkejì lọ́tọ̀. Ẹ tún fà á padà sẹ́yìn: bí ìlà àlọ àti àbọ̀ bá yàtọ̀, àkókò ò tíì tó.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé dandan ni kí n fi LPS (ọ̀rá oníṣúgà tó wà lójú ìta awọ bakitéríà) sí i?

Èsì 3
Rárá, bó bá jẹ́ inú ihò lẹ ń wò. LPS ń rìn bí ìgbín. Bó bá jẹ́ ìṣesí lúùpù ẹnu ihò lẹ fẹ́ mọ̀ ni kí ẹ lò ó, kí ẹ má sì gbàgbé Ca²⁺ tó ń di phosphate rẹ̀ mú.