Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ìtọ́jú DBT, ṣé ó ṣiṣẹ́ fún yín? Tèmi rèé

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Leeds

Ẹ kú ìjókòó o. Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Òṣogbo, Birmingham ló ń gbé, pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ní dókítà ti kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún DBT. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ṣé oògùn ni àbí abẹ́rẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi: kì í ṣe oògùn, kì í ṣe abẹ́rẹ́, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti ẹ̀kọ́ ni (dialectical behaviour therapy). Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà tèmi dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lórí fíríìjì kí n tó ṣí i. Torí náà mo ní kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, màá kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ fún, kó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ọdún 2019 ni wọ́n sọ fún mi pé BPD (borderline personality disorder, àìsàn ọkàn tí ìmọ̀lára ẹni fi máa ń le kọjá ààlà) ló ń ṣe mí. Bó ṣe rí lára tèmi ni pé bí ọ̀rẹ́ mi bá ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí i lórí WhatsApp tí kò fèsì, kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, mo ti gbà pé ó ti kọ̀ mí nìyẹn. Ara mi á máa gbọ̀n. Màá bú u, màá tún bẹ̀ ẹ́, màá ní kó má pè mí mọ́ láéláé, gbogbo rẹ̀ kó tó jáde ní balùwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ mi á wá yí sí èmi fúnra mi. Mi ò ní sọ bí mo ṣe ń ṣe é. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọdún kan gbáko ni mo fi gba ìtọ́jú náà. Lọ́jọ́ Ajé, àwa mẹ́jọ máa ń jókòó sí kíláàsì fún wákàtí méjì ààbọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, èmi àti tẹ́rápísìtì mi nìkan. Mo ní nọ́ńbà tí mo lè fi pè é bí ilé bá fẹ́ jó. Àwọn tẹ́rápísìtì náà ní ìpàdé tiwọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ̀rọ̀ wa má baà sú wọn. (Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo kọ́kọ́ gbà pé wọ́n mọ irú ẹni tí a jẹ́.)

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀: bí ọkàn ẹni ṣe ń wà níbi tí ara ẹni wà, bí a ṣe ń la alẹ́ burúkú já láì fi ọwọ́ ara wa sọ ọ́ di èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí a lè ṣe sí ìbínú, ìbẹ̀rù àti ìtìjú kí wọ́n tó gùn wá, àti bí a ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, tàbí kí a sọ pé rárá fún un, tí àjọṣe ò ní bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n fi ń kọ́ ọ yípo, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí n má parọ́, ìyípo kìíní kò wọ̀ mí létí rárá.

Káàdì ni ogun mi. Lójoojúmọ́ o gbọ́dọ̀ kọ bí inú rẹ ṣe rí sílẹ̀, bóyá ó ṣe ọ́ bíi pé kí o ṣe ara rẹ léṣe, àti èyí tí o lò nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ ọjọ́ méjèèje pọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bírò mẹ́ta ni mo ń kó dání, dúdú, búlúù, àti aláwọ̀ ewé kan, kó lè dà bíi pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ keje, tẹ́rápísìtì mi gbé káàdì náà sókè, ó ní, "Àwọ̀ yìí mà dára o." Ojú tì mí bí ìgbà tí ìyá mi bá ẹran nínú àpò mi.

Kò bínú o. Ó kàn ní ká tú u. Chain analysis ni wọ́n ń pè é. Bí ìgbà tí èèyàn ń tú irun dídì ni, ìdì kan lẹ́yìn ìkejì, láti ìdí wá sókè. Kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Kí ni o rò? Níbo lára rẹ ni o ti mọ̀ ọ́n? Kí ni o ṣe? Ṣé o sùn? Ṣé o jẹun? A tú ọ̀rọ̀ bírò, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn alẹ́ burúkú mi. Ẹ gbọ́ ohun tí a rí: nínú alẹ́ burúkú mẹ́sàn-án tí a tú, méje ló bọ́ sí ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí mo délé tí mi ò jẹ nǹkankan títí ilẹ̀ fi tún ṣú. Ebi! Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́wàá pè é ní ọgbẹ́ ọkàn. Ọgbẹ́ ọkàn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ebi ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń se ìrẹsì sílẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ohun kan tó bí mi nínú: bí mo bá ti ṣe ara mi léṣe tán, mi ò gbọ́dọ̀ pe tẹ́rápísìtì mi fún wákàtí 24. Mo ní irú aájò wo nìyí? Oṣù bíi mẹ́rin ni mo fi ń bínú sí i. Ó wá di alẹ́ kan tí mo fẹ́ ṣe é, mo rántí pé bí mo bá ṣe é, mo ti pàdánù ìpè náà nìyẹn. Mo pè é kí n tó ṣe é. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá la fi sọ̀rọ̀.

Oṣù kọkànlá 2021 ni mo ṣe é kẹ́yìn. Ìbànújẹ́ ṣì ń wá o. WhatsApp ṣì ń yọ mí lẹ́nu.

Ìyá Ọlọ́mọge, Croydon

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ kú akitiyan. Èmi kọ́ ni mo ń ṣàìsàn, ọmọ mi obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà. Mo rò pé màá jù ú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni bíi ti ilé ìwé, àṣé ti àwọn ọ̀dọ́, òbí ń jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú ọmọ. Èmi àti bàbá rẹ̀, pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́! Iṣẹ́ àṣetiléwá nígbà tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní ká sọ ohun tí a máa ń sọ bí ọmọ bá ń sunkún. Mo sọ tèmi láì tijú: "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Ṣé o ò jẹun ni? Nígbà tí mo tó ọ, mò ń kiri ẹ̀kọ kí n tó lọ ilé ìwé." Gbogbo wọn dákẹ́. Olùkọ́ náà, òyìnbó ni, ní kí n wá gbólóhùn kan tí yóò fi han ọmọ pé mo rí i pé ó dùn ún, láì tíì tún nǹkankan ṣe, láì tíì bi í léèrè. Mo ronú títí. Gbogbo èyí tí mo ń mú wá lédè Gẹ̀ẹ́sì ló ń jáde bí ẹjọ́. Ọkọ mi ló fẹnu kẹ́lẹ́ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ṣé kì í ṣe pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá?"

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Bí ẹnì kan bá kọsẹ̀ níwájú wa, pẹ̀lẹ́ la ń sọ. Àwa kọ́ la tì í. A kì í kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé tí kò wo ilẹ̀. Bí òkúta náà kéré, pẹ̀lẹ́ náà ni. Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí ní ọjà Peckham, mi ò sọ ọ́ fún ọmọ mi nígbà tí ohun tó kọlù kì í ṣe òkúta.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ó tún bẹ̀rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó mà dùn ọ́ o." Mo pa ẹnu mi mọ́. Ẹ̀yin ìyá, pípa ẹnu mọ́ yẹn ló le jù! Ó tó wákàtí kan kó tó ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí n lọ wá oúnjẹ fún òun.

Ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Ó sì ń bú mi bó bá ti rẹ̀ ẹ́, kò yí padà nídìí ìyẹn.

Arìnrìn-àjò, Houston

Ẹ má bínú o, èmi ò ní orin ìyìn. Ibi tí mo lọ ń pe tiwọn ní DBT, ṣùgbọ́n kíláàsì nìkan ni wọ́n ní. Kò sí tẹ́rápísìtì tèmi, kò sí ìpè lóru. Ìnṣọ́ránsì mi ò sanwó tó, àpò mi ni mo fi ń parí ẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo lò, mo sá.

Nǹkan méjì ló lé mi. Ìkíní, lẹ́tà òyìnbó tí wọ́n ní ká fi máa rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa: TIPP, DEAR MAN, PLEASE, ACCEPTS. Bí ẹni ń há JAMB sórí. Nígbà tí orí mi bá gbóná, èdè Yorùbá ni mo fi ń gbóná, ta ni yóò rántí ohun tí D dúró fún? Ìkejì, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ń fi àwọ̀ ara mi ṣe mí. Mo mú un wá sí kíláàsì, wọ́n ní kí n lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bóyá bí mo ṣe rò ó ló rí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo ṣe rò ó náà ló rí! Wọ́n wá ní kí n ṣe òdìkejì ohun tí ìbínú mi ń sọ. Mo dìde.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Ní Toronto, McMain àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2009. Èèyàn 180 ni wọ́n pín sí méjì. Apá kan gba DBT fún ọdún kan, apá kejì gba ìtọ́jú dókítà ọpọlọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó sì ń rí wọn déédéé. Ara apá méjèèjì ló yá sí i, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Dókítà kan tí kì í kánjú ni èmi rí nígbẹ̀yìn, mo sì wà láàyè.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Leeds

Bùrọ̀dá, ẹ ṣé. Mo fara mọ́ ọn. Ti kíláàsì yẹn, àṣìṣe wọn ni o: àwa, wọ́n kọ́ wa pé bí ìbínú bá bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, a kì í ṣe òdìkejì rẹ̀, ọ̀nà àbáyọ là ń wá: kọ ẹjọ́, wá iṣẹ́ míì. Ẹ̀ya kan nínú DBT sì ni wọ́n fún yín, ẹ wá san owó odindi. Níbí gan-an, ìlànà tí NICE (àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún England) gbé jáde ní 2009 kò sọ pé kí gbogbo ẹni tó ní BPD gbà á. Àwọn obìnrin tó ń ṣe ara wọn léṣe lemọ́lemọ́ ló dárúkọ.

Ará Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ń sọ ti nọ́ńbà òru. Níbí, onímọ̀ nípa ọkàn kan ni mò ń rí lórí fídíò, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí dátà bá gbà. Kò sí kíláàsì, kò sí ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi dé ilé ìwòsàn ní 2020, mo parọ́ pé mo ṣèèṣì ni, torí ẹ̀rù abala 327 òfin ìwà ọ̀daràn ń bà mí, èyí tó ní kí wọ́n sọ ẹni tó bá gbìyànjú àtipa ara rẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ kọ òótọ́ sínú káàdì?

Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ti omi tútù. Wọ́n ní kí o ti ojú bọ inú abọ́ omi tútù, kí o sé èémí fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ọkàn tó ń sáré á rẹlẹ̀. Kò síná, kò sí fíríìjì. Mo máa ń sáré lọ bá ìyá tó ń ta píọ̀ wọ́tà ní kọ̀rọ̀ wa, màá ra méjì tó ti dì, màá fi lé ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi níbẹ̀. Ìyá náà rò pé eyín ló ń dùn mí. Ó ní kí n lọ yọ ọ́. (Ẹni tó bá ní àrùn ọkàn, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó dán an wò.)

Àwọn ará ilé mi ní òkè àdúrà ló kù. Mo gun òkè. Mi ò kábàámọ̀, mo sinmi níbẹ̀. Marsha Linehan tó dá DBT sílẹ̀ ní Seattle, òun náà ṣàìsàn rí. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Hartford ní 1961, ó lò ju ọdún méjì lọ níbẹ̀, kò sì sọ ọ́ ní gbangba títí di 2011. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ibi tí òun ti ń gbàdúrà nínú ilé ìsìn kan ní Chicago ní 1967 ni nǹkan ti yí padà fún òun. Síbẹ̀ ó padà wá kọ́ṣẹ́, ó ṣe ìwádìí. Ìyẹn ni mo kà fún màmá mi. Wọ́n ní, "Ó dáa, máa ṣe fídíò rẹ, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì, òkè."

Ìbéèrè kan, ẹ̀gbọ́n: ọ̀rọ̀ kí èèyàn gba ohun tó ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ni nínú DBT, ṣé kì í ṣe "gba kádàrá" tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́ náà ni?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Leeds

Èmi náà bá wọn jà lórí ẹ̀. "Gba kádàrá" máa ń wá pẹ̀lú "má sọ̀rọ̀ mọ́". Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kò wá wò mí nílé ìwòsàn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ lọ́kàn mi pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, bí mo sì ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń dúró dè é. Ọjọ́ tí mo gbà pé kò wá, mo sunkún bí ẹni tó ṣòfò. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: nínú ẹkún náà ni mo ti rí i pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti wá lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mi ò ní kó dára pé bàbá mi ò wá. Kò dára. Mo kàn pe àǹtí yẹn lórí fóònù, mo ní ẹ ṣé.

Mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi, pẹ̀lú ti Bùrọ̀dá Houston. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣé ó yẹ kí òun mú bírò dání. Mo ní ẹyọ kan péré.