Ìsọ̀rí 61 lórí WordPress mi, báwo ni kí n ṣe tún un tò?

Ọmọ Olóòwe:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní wẹ́búsáìtì kan tí mo ti ń kọ àṣà Yorùbá sí láti 2016, orí WordPress ló wà, post ibẹ̀ ti lé ní 340. Wàhálà mi ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá ti kọ nǹkan tuntun ni mo máa ń dá ìsọ̀rí tuntun sílẹ̀ fún un, àná ni mo wá jókòó kà á, ó jẹ́ 61! Òwe wà níbẹ̀, Òwe Yorùbá wà níbẹ̀, Òwe Àgbà tún wà, Ìbàdàn wà, Oríkì wà, Uncategorized nìkan gbé post 48 mì. Àbúrò mi obìnrin ń wá oríkì Ìbàdàn tí mo kọ lọ́dún tó kọjá, ó ṣí mẹ́nù lórí fóònù ẹ̀, ó fà á sísàlẹ̀ títí, nígbà tó yá ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú fi línkì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp". Ó dùn mí gan-an, torí oṣù méjì ni mo fi wá oríkì yẹn kiri ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Ṣé kí n pa gbogbo ìsọ̀rí yìí rẹ́ ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí àwọn post má lọ bá a lọ.

Ìyá Ọbẹ̀:
Ẹ fọkàn balẹ̀, post ò ní bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá pa ìsọ̀rí rẹ́, post tí ò bá ní ìsọ̀rí míì á kàn já bọ́ sínú Uncategorized ni, tàbí èyí tẹ́ ẹ bá fi ṣe default ní Settings > Writing. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́ o, torí 48 yẹn á di 200 mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ò sì ní mọ ibi tí èwo ti wá mọ́.

Oúnjẹ lèmi ń kọ nípa ẹ̀, ohun tó ń ṣe yín yìí ti ṣe mí rí. Ìbéèrè méjì lẹ̀ ń dà pọ̀. "Oríkì", irú nǹkan tó jẹ́ nìyẹn. "Ìbàdàn", ibi tó kàn nìyẹn. Ẹ wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú mẹ́nù kan, ẹni tó ń wá oríkì Ìbàdàn, èwo ni kó tẹ̀? Ó dà bíi kí wọ́n pín ọjà sí ìsọ̀ ata, ìsọ̀ aṣọ, kí wọ́n tún ya ìsọ̀ kan sọ́tọ̀ fún nǹkan pupa. Ibo ni tàtàṣé máa wá jókòó sí?

Ẹ jẹ́ kí ìsọ̀rí yín máa dáhùn "irú nǹkan wo nìyí" nìkan: Òwe, Oríkì, Àlọ́, Oúnjẹ, Ìtàn, Ọdún Ìbílẹ̀. Orúkọ ìlú, ìdílé, èèyàn, ẹ kó wọn sí tags, ìyẹn orúkọ kéékèèké tẹ́ ẹ máa so mọ́ post lẹ́yìn ìsọ̀rí. Tẹ́ ẹ bá kọ nípa ogun Jálumi ti 1878, inú Ìtàn ló wà, tag ẹ̀ á jẹ́ Ìbàdàn àti Ìkìrun. Ẹni tó bá tẹ tag Ìbàdàn á rí ogun yẹn, á rí oríkì, gbogbo ẹ̀ lójú kan. Ṣùgbọ́n ẹ mú orúkọ kan fún tag kọ̀ọ̀kan o, ká má bá "Ifẹ̀", "Ilé-Ifẹ̀" àti "Ìlú Ifẹ̀" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àlàmú Wẹ́ẹ̀bù:
Òótọ́ ni Màámi sọ. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé: ẹ kọ́kọ́ ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà gbogbo sáìtì yín. Ẹ wọ Posts, ẹ fi filter yọ Òwe Àgbà nìkan síta, ẹ máàkì gbogbo ẹ̀, Bulk actions, Edit, Apply, ẹ máàkì Òwe, Update. Post 20 ló máa ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè fi kún un ní Screen Options. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti wọ inú Òwe tán lẹ tó máa pa Òwe Àgbà rẹ́.

Ẹ fọwọ́ ara yín kọ slug, ìyẹn orúkọ ìsọ̀rí tó máa ń hàn nínú línkì, láìsí àmì: owe, oriki, itan. Ẹ sì ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí slug ìsọ̀rí tó ti pẹ́ padà. Tẹ́ ẹ bá yí ti post, WordPress máa ń rántí ti àtijọ́, kì í rántí ti ìsọ̀rí. Mo ṣe é rí, gbogbo línkì táwọn èèyàn ti pín káàkiri WhatsApp di 404 (pé wọn ò rí ojú ìwé náà) lálẹ́ ọjọ́ kan, plugin Redirection, tó ń darí línkì àtijọ́ síbi tuntun, ni mo fi tún un ṣe. Àwọn tẹ́ ẹ máa pa rẹ́ náà, ẹ darí línkì wọn síbi tuntun.

Ọmọ Olóòwe:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé mo lè fi Oríkì Ìlú àti Oríkì Ìdílé sábẹ́ Oríkì?

Ìyá Ọbẹ̀:
Ẹ lè ṣe é, Parent Category lẹ máa lò. Tí èèyàn bá ṣí Oríkì, á rí tàwọn ọmọ ẹ̀ náà, torí náà ọmọ nìkan ni kẹ́ ẹ máàkì, ẹ má máàkì méjèèjì. Èmi ò kì í yà á sọ́tọ̀ tí post ò bá tíì tó mẹ́wàá.

Ọmọ Olóòwe:
Òwe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ẹyọ kan, ìsọ̀rí ti ku 9. Uncategorized ló kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń kà á. Mo ti ka 11, mẹ́ta nínú ẹ̀ jẹ́ àlọ́ ìjàpá tí mi ò rántí mọ́ pé mo kọ.