Àbọ̀ lórí epo ẹja: ìdáhùn ti dé

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dáhùn. Ohun tí mo bèèrè ni pé kí ló dé tí kápúsù epo ẹja 1000 mg kan lójúmọ́ kò dín triglyceride, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kù. Ẹ̀yìn ìgò ni ìdáhùn wà: EPA 180 mg, DHA 120 mg, ìyẹn ọ̀rá omega-3 méjì tó ń ṣiṣẹ́ nínú epo ẹja. 300 mg péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwọ̀n EPA àti DHA tí dókítà ń lò fún triglyceride tó ga máa ń tó 4 g lójúmọ́, ìyẹn bíi kápúsù 13! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lò: ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè mú kí ọkàn máa lù ségesège. Kápúsù tó bá ti ń rùn kíkan, ẹ dà á nù. Ó parí.