Tírélà alumíníọ́mù: mo ti rà á o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun gan-an. Tírélà kékeré tí mo bèèrè nípa ẹ̀ bóyá ti irin ni kí n rà àbí ti alumíníọ́mù, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, tí mo fẹ́ máa fi kó jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ láti Ìlọrin lọ sóko l'Ómù-Àrán, alumíníọ́mù ni mo mú o. Àwọn kan ní irin ló le jù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwúwo alumíníọ́mù ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin lọ, mọ́tò mi ò sì tóbi, kì í sì í dípẹtà bíi irin. Ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, torí kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló lè jó alumíníọ́mù, tó bá fi lè ya lọ́nà wàhálà ni. Níbi tí bóòtù irin bá ti fara kàn án, ẹ fi rọ́bà sáàárín, tómi bá ń dúró síbẹ̀ ó máa ń jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń di ẹrù, kí bíi 60% ẹrù náà wà níwájú táyà tírélà, tó bá pọ̀ lẹ́yìn, ṣe ni tírélà á máa jù síbí jù sọ́hùn-ún lórí eré, ó léwu gan-an. Mo ti rí ìdáhùn mi, ó tán.