Èsì sí «àdàlú orin»: ẹ jẹ́ ká yọ «lú» kúrò nínú iṣẹ́ DJ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àtàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó fi àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun fún iṣẹ́ DJ ránṣẹ́ lánàá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo kà á tán, mo tún padà kà á. Ẹ ní ká máa pe mixing, fífi orin kan wọlé bá òmíràn láìdúró, ní «àdàlú orin», kí DJ fúnra rẹ̀ máa jẹ́ «adàlúorin». Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bá yín fà á, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àgbà.

Ẹ kọ ọ́ pé «lù» tí a fi ń lu ìlù ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, pé ìyẹn ló jẹ́ kó bá orin mu. Rárá o. «Lù» ti ìlù, ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ìgbà tó bá pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ níwájú nìkan ló ń di «lu», ẹ sì mọ òfin yẹn jù mí lọ. Èyí tó wà nínú àdàlú, ohùn òkè ni, «lú» tí a fi ń lú omi mọ́ ẹmu. Ẹni tó bá lú nǹkan, bí kò bà á jẹ́, ó ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹ wo àdàlú nínú àwo: ẹ̀wà àti àgbàdo ti jinná pọ̀, epo ti bo àwọn méjèèjì, ṣíbí kan náà ló ń bù wọ́n. Ẹ tún fi etí gbọ́ «adàlúorin» dáadáa. «Adàlúrú» ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ. Iṣẹ́ ọmọlúàbí ni iṣẹ́ yìí, ẹ má fi orúkọ dàrú sí i lórí.

Kí ni DJ ń ṣe gan-an? Orin A ń lọ. Orin B wọlé bá a, wọ́n jọ rìn fún bíi bíìtì 64 (bíìtì ni ìró ìlù kọ̀ọ̀kan tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé), tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 35 bí eré orin bá jẹ́ bíìtì 110 ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà A yẹra, B sì ń bá ọ̀nà lọ. Kò sí ohun tó jinná pọ̀ níbẹ̀. Àwọn akọrin wa sì ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé: bí ohùn bá ti ń há ẹni tó ń dá orin, ẹlòmíràn á gba orin lẹ́nu rẹ̀, ìlù ò sì ní dúró. «Ìgborinlẹ́nu» ni èmi fi sílẹ̀ o. Ẹni tó dáhùn ní ìdájí pé a ó ṣì í gbọ́ fún gberin, ẹ fọkàn balẹ̀. Nínú gberin, «o» ti orin ló pa jẹ. Nínú gborin, «a» ti gbà ló pa jẹ. Fáwẹ̀lì tó kù ti sọ tẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń dùn mí ni «agbóhùnsókè» tí ẹ kọ fún pitch fader, ọ̀pá tí a fi ń yí eré orin padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níwájú Technics SL-1200MK2, ẹ̀rọ tí DJ fi ń lu àwo, èyí tó jáde ní 1979, tí gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e ṣì ń wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ọ̀pá kékeré kan wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá fà á wá sọ́dọ̀ ara yín, sísàlẹ̀, orin á yára. Bí ẹ bá tì í sókè, orin á fà. Ẹni tó bá fi «sókè» kọ́ ọmọ níṣẹ́, ọmọ náà yóò ti ọ̀pá sí òdì kejì níbi tó ti yẹ kó sáré. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí CDJ, ẹ̀rọ tí DJ fi ń lu CD.

Ohùn tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà tún ní wàhálà tirẹ̀. Ká ní orin A ń sáré bíìtì 104, B ń sáré 110. Bíìtì 6 la fẹ́ fi kún 104, ìyẹn bíi 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún. SL-1200MK2 lè ṣe é, nítorí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni òpin rẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbé orin kúrò lórí kọ́kọ́rọ́ dùùrù kan bọ́ sórí èyí tó tẹ̀lé e gan-an, nítorí náà ohùn akọrin náà á ga sókè. Lórí ẹ̀rọ ìgbàlódé, bí ẹ bá tẹ key lock, ohùn á dúró síbi tó wà, eré nìkan ni yóò yí padà. Ẹ̀rọ tí kò gbé ohùn sókè mọ́ ni ẹ wá ń pè ní agbóhùnsókè yìí? Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ «ọ̀pá eré». Èèyàn ń sáré, orin náà ń sáré.

Àǹtí wa tó ń bẹ̀rù pé fífa ọ̀pá yìí yóò sọ «ọkọ́» di «ọkọ̀», ẹ má bẹ̀rù. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń gòkè, àlàfo àárín wọn kò sì yí padà, etí yóò ṣì gbọ́ ohun tó yẹ kó gbọ́. Ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rù ni key lock tí a bá fà jù. Tó bá ti kọjá bíi 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kọ̀ǹpútà ń gé ohùn wẹ́wẹ́, ó ń lẹ̀ ẹ́ padà, ojú ibi tó ti lẹ̀ ẹ́ á sì máa hàn: ọ̀pá gángan á dún bí ẹni pé ó bà lẹ́ẹ̀mejì, ohùn tó yẹ kó yọ́ wálẹ̀ á máa já. Ẹ má sì fi ẹni tó ń kọrin lé ẹni tó ń kọrin lórí. Ohùn òkè ẹnìkan á bọ́ sórí ohùn ìsàlẹ̀ ẹnìkejì, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì á sì ṣòfò. Ibi tí ìlù nìkan bá wà ni B ti ń wọlé.

«Ìmúlùdọ́gba» fún beatmatching, mo gbà á, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ló sọ. Orin méjì lè jọ máa sáré 110 láìyẹ̀, kí etí ṣì máa ro. Ẹ rántí obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọwọ́ wọn bá yá bákan náà ṣùgbọ́n tí ọmọ odó ń ko ara wọn lójú ọ̀nà, iyán ò ní gún. Eré ti bára mu, ẹsẹ̀ ni kò bára mu. Ọ̀pá eré kò lè tún ìyẹn ṣe. Ọwọ́ la fi ń kan etí jog wheel, àwo yíyí tó wà lórí ẹ̀rọ DJ: bí B bá ń kẹ́yìn, ẹ tì í síwájú díẹ̀, bó bá ń ṣáájú, ẹ dá a dúró fẹ́ẹ́rẹ́. Mo pe èyí ní «ìbẹ́sẹ̀mu».

Ìdí nìyí tí «ìbámu àìfọwọ́kàn» tí ẹ kọ fún sync, bọ́tìnì tó ń mú eré orin méjì bára mu fúnra rẹ̀, fi ń bí mi nínú. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ kàn án! Àwọn sọ́fúwíà DJ bíi Serato, Traktor àti rekordbox a máa fa ìlà sórí orin, ìlà kan fún bíìtì kan, sync a sì máa gba ìlà náà gbọ́ ju etí lọ. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló lu orin náà, kò séwu. Ṣùgbọ́n àwọn àwo jùjú àti àpàlà àtijọ́, ọwọ́ èèyàn ló lù wọ́n, eré wọn a máa gòkè a máa sọ̀ nínú orin kan náà. Ìlà tó bọ́ sójú bíìtì ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ á ti ṣìnà ní ìṣẹ́jú kẹta. Ìlù tó ń rìn ní mẹ́ta mẹ́ta tún ń tan ẹ̀rọ jẹ: orin tó ń sáré 96, ẹ̀rọ lè kọ 144 tàbí 64 sí i lára. Ẹ pa sync, ẹ tẹ bọ́tìnì tap tẹ̀lé bíìtì bíi ìgbà 8, kí ẹ sì máa fọwọ́ so ìlà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní gbogbo bíìtì 32.

Bass, ìró orin tó wúwo jù, ni ẹ pè ní «ohùn ìsàlẹ̀». Ohùn ìsàlẹ̀ ti níṣẹ́ lọ́wọ́ nínú gírámà, dò ni, ẹ má fi iṣẹ́ kejì kún un. «Ìró ìdí» ńkọ́? Kí ẹ tó ṣí B, ẹ yí bọ́tìnì ìró ìdí rẹ̀ sí òsì pátápátá. Bí bíìtì 32 bá pé, ẹ yí ti A wálẹ̀, kí ẹ gbé ti B sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí méjèèjì bá jọ wà lókè, iná pupa á tàn, sípíkà á máa kùn, ẹ ò sì ní gbọ́ ohun tí akọrin ń sọ mọ́.

«Àwo òfìfo» fún timecode, àwo tí DJ fi ń darí orin inú kọ̀ǹpútà? Kò ṣófo. Àwo tí Serato gbé jáde pẹ̀lú sọ́fúwíà Scratch Live ní 2004, ìró 1,000 lójú ìṣẹ́jú àáyá kan ló wà lára rẹ̀, òun ni sọ́fúwíà fi ń mọ eré àti ìhà tí àwo ń yí sí. Bí ìdọ̀tí bá lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, orin á máa fò. Bí ẹ ò bá so wáyà ilẹ̀, á máa hùn. «Àwo atọ́nà» ni. «Ìjáfara» fún latency, àkókò tó ń kọjá kí ìró tó dún lẹ́yìn tí ọwọ́ bá kan ẹ̀rọ, ni mo fẹ́ràn jù nínú àkójọ yín, nítorí gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n sọ nípa ìjáfara. Buffer ni iye ìró tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde: 1,024 jẹ́ bíi ìdá 23 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ọwọ́ tó ń ṣe scratch, tó ń fa àwo síwájú sẹ́yìn, á mọ̀ ọ́n lára. 128 kò pé 3, ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára, ìró á máa já.

Ó ku crossfader, ọ̀pá tí a fi ń kúrò lórí orin kan bọ́ sórí òmíràn, tí ẹ pè ní «afárá». Afárá a máa dúró sójú kan ni, èèyàn ló ń rìn kọjá lórí rẹ̀. Èyí, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín A àti B, bí ohun tí ahunṣọ òkè ń jù lọ jù bọ̀ láàárín òwú. Kí ẹnì kan tó ní ìbátan ní Ìsẹ́yìn bá wa béèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n tó fi afárá sínú àkójọ kejì.